Arúgbó àti Aláròyé

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta, oṣù kẹta

Ohun tí kò jẹ́ kí n sùn: orúnkún ọ̀tún. Omi tó ń kán nílé ìwẹ̀, tí púlọ́ńbà ti tún ṣe lẹ́ẹ̀mejì, tó sì ń kán dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìyá àwọn ọmọ, tó ń hanrun bí ẹni pé kò sí wàhálà kankan láyé. Èyí tó ga jù: Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè lánàá. Ojú òsì rẹ̀ ti lọ láti ọdún tó kọjá. Ọ̀tún ló kù, òun náà sì ti ń ṣú. Dókítà fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ sí i lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún. Ó lè dáa, ó lè má dáa. Ó ní òun fẹ́ rí mi kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Ìrìn wákàtí márùn-ún ni. Ọdún mẹ́fà nìyí tí mo ti dé ibẹ̀ gbẹ̀yìn.

Mo ní mò ń bọ̀. Ẹnu mi ló sọ ọ́, n kò tíì ronú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Àkọ́bí ọmọ mi ní òun ló máa gbé mi lọ, nínú ọkọ̀ bọ̀gìnnì tó rà ní oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn. Ó gbé e wá kí n jókòó dán an wò. Àga rẹ̀ ń mú ìdí gbóná. Nínú ooru yìí. Kò ní kọ́kọ́rọ́ – bí ẹni pé kọ́kọ́rọ́ ló ń da aráyé láàmú. Ó fi ohùn obìnrin tí kò jìyà rí kí mi káàbọ̀. A ò tíì dé ìkòríta tí iná ìkìlọ̀ kan fi tàn níwájú Àkọ́bí nínú ọkọ̀, tí ohùn náà ní ká tètè lọ rí àwọn tó ń tún un ṣe. Àkọ́bí ní kò sí nǹkan kan, ó kàn ń fi tó wa létí ni.

Mo ti sọ ọ́ lórúkọ: Aláròyé. Láyé tiwa, ọkọ̀ tí nǹkan bá ń ṣe a máa pa á mọ́ra, títí yóò fi kú bí ọmọlúàbí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Aláròyé tì mí mọ́nú. Bọ́tìnnì lèèyàn ń tẹ̀ kí ilẹ̀kùn rẹ̀ tó ṣí. Mo tẹ̀, tẹ̀, tẹ̀. Ojú fèrèsé ni mo gbà jáde, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Arúgbó jí lónìí gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Arúgbó ni ọkọ̀ tèmi. Ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ omi ló ń lò ó tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí mo fẹ̀yìn tì níbẹ̀ ni wọ́n tà á fún mi. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló pé báyìí. Aṣọ méjì àti kúbùsù kan ni mo fi ń bò ó. Ní gbogbo àárọ̀ Àbámẹ́ta mo máa ń ṣí i, màá tan án fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá géérégé, màá pa á, màá nù ún, màá bò ó padà. Kò húkọ́ rí. Awọ àga rẹ̀ ṣì ń rùn bí awọ. Irin rẹ̀, bí èèyàn bá gbá a, ọwọ́ onítọ̀hún ló máa ké.

Mo pe Àkọ́bí kó wá gbọ́ ohùn ọkọ̀ tí wọ́n ṣe nígbà tí àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ṣì ń bẹ̀rù Ọlọ́run. Ó gbọ́ ọ tán.

"Bàbá, ìgbà wo lẹ wà á jáde gbẹ̀yìn?"

Mo da kúbùsù bo Arúgbó padà. Ọmọ ìwòyí ò mọ ọ̀rọ̀ sọ lójú àgbà.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

A gbé Aláròyé lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú irú rẹ̀. Ilé náà mọ́ ju ọsibítù lọ. Ọkùnrin tó dá wa lóhùn wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, kò sí ọ́ìlì kankan ní èékánná rẹ̀. Kò ṣí bónẹ́ẹ̀tì. Ó ki wáyà bọ ọkọ̀ náà, ó ń kàwé lójú kọ̀ǹpútà bí ẹni ń ka ẹ̀sùn ọ̀daràn. Ó ní àpótí kékeré kan ló bàjẹ́ nínú rẹ̀. Mo ní kó ṣí i, kó tún un ṣe. Ó ní wọn ò ṣe é kí ẹnikẹ́ni lè ṣí i. Odindi ni wọ́n ń pààrọ̀, tuntun sì ń bọ̀ lórí omi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a ò sì gbọdọ̀ gbé ọkọ̀ náà rin ọ̀nà jíjìn kó tó dé. Mo bi í pé ọdún mélòó ni wọ́n ṣe ọkọ̀ náà kó lò. Ó ní ọdún márùn-ún làwọn fọwọ́ sọ̀yà fún. Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́? Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Lẹ́yìn ìyẹn, Bàbá, òmíràn á ti máa wu ọmọ yín."

Àkọ́bí ń wo bàtà ara rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Inú mi dùn jù. Kò yẹ kí inú bàbá dùn báyìí sí ìṣòro ọmọ. Mo kọ ọ́ síbí kó má baà hàn lójú mi. Arúgbó la máa gbé lọ. Mo ti sọ fún gbogbo ilé, mo ti sọ fún ará ilé kejì, mo sọ fún oníwèé ìròyìn tí kò bi mí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Mẹkáníìkì mi dé. Àgbà ni, irun rẹ̀ funfun ju tèmi lọ. Ó wọ abẹ́ Arúgbó, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Ó jáde níkẹyìn. Ó fa ọwọ́ mi, ó fi kan táyà. Eyín táyà pé, kò jẹ rárá, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti sán bí ilẹ̀ ọ̀dá. Rọ́bà tí omi ń gbà kọjá rún sí i lọ́wọ́ bí búrẹ́dì ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Páìpù bíréèkì ti dípẹtà. Sàlẹ́ńsà ti jẹ láti inú. Epo inú táǹkì ti kan.

Mo ní báwo, nígbà tí mo ń tan án lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó ní ìyẹn gan-an ni. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ò lè mú ara ọkọ̀ gbóná débi tí omi inú rẹ̀ á gbẹ. Omi ọ̀hún kàn jókòó síbẹ̀, ó ń jẹ irin. Kúbùsù tí mo fi ń bò ó náà, ọ̀rinrin ló ń dá dúró.

"Bàbá, wọ́n ṣe ọkọ̀ yìí dáadáa, wọ́n ṣe é kó máa rìn. Ká ní ẹ lò ó nílòkulò ni, ì bá ṣì le koko. Ìtọ́jú ló bà á jẹ́."

Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni wá báni kẹ́dùn.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kí n sọ òótọ́ lójú ìwé yìí: ara tù mí díẹ̀. Bí Arúgbó ò bá lè lọ, ta ló máa sọ pé èmi ni mi ò lọ?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Aago méje lù, mi ò tan ọkọ̀. Ọwọ́ mi ń wá iṣẹ́ kiri. Ìyá àwọn ọmọ kíyè sí i, ó tẹ̀ mí nínú títí mo fi jẹ́wọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wá àga jókòó. Ó wá ń ka ọdún tí mi ò fi lọ wo Ẹ̀gbọ́n fún mi lórí ìka. Ọdún kìíní, mo ní òjò pọ̀. Ìkejì, ọ̀nà ò dáa. Ìkẹta, orúnkún. Ìkẹrin, mò ń dúró de àwọn tó fẹ́ wá wo mítà iná – wọn ò kúkú wá. Ìkarùn-ún, mo ní mi ò fẹ́ kí eruku ba ọkọ̀ jẹ́.

"Tọdún yìí ńkọ́, Bàbá àwọn ọmọ? Ẹ tètè wá tiẹ̀ o, ọjọ́ ti ń lọ."

Ẹnu obìnrin yìí mú ju abẹ lọ. Òótọ́ ni pé ọkọ̀ èrò ń lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́. Òótọ́ ni pé ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ̀gbọ́n ló pọ̀n mí, òun ló kọ́ mi ní a-bí-dí. Mi ò fẹ́ bá a níbi tó ti ń fọwọ́ tá ògiri kiri.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Ẹ̀gbọ́n pè. Ó bi mí pé kí ló ń dá mi dúró. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí Aláròyé, mo dé orí Arúgbó, táyà, rọ́bà, àpótí tó ń bọ̀ lórí omi. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Àbúrò, ojú kan ló kù fún mi. Mi ò ní fi wo ọkọ̀. Ìwọ ni mo fẹ́ wò."

Lẹ́yìn náà ló bi mí bóyá irun ṣì kù lórí mi, kí òun lè múra ọkàn sílẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mo ránṣẹ́ pe mẹkáníìkì. Mo bi í pé kí ló kéré jù tó lè ṣe, tí bíréèkì á fi mú, tí a ó sì dé ibẹ̀. Ó ní táyà mẹ́rin, rọ́bà omi, páìpù bíréèkì, kí òun fọ táǹkì. Á parí lọ́la. Ti sàlẹ́ńsà ò lè yá, nítorí náà á pariwo. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Arúgbó tí mo fi ń yangàn pé kì í gbóhùn sókè á wọ ìlú Ẹ̀gbọ́n bí ẹ̀rọ ìlọta.

Àkọ́bí ló máa wà á. Ó bi mí pé bó bá kú lójú ọ̀nà ńkọ́. Láti ọjọ́ tí mo ti bí i, èmi ni mo máa ń bi í nírú ìbéèrè yẹn. Mo ní a ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀, a ó wọ ọkọ̀ èrò. Bí kò bá tiẹ̀ jáde ní géètì, màá fẹsẹ̀ rìn dé ibùdókọ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún, aago mẹ́fà àárọ̀, ni mo máa gbéra.