Iṣu Ìyá Dókítà

Ọjà Ìpàtà,
Ìlọrin.
Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun.

Safiyyah ọmọ mi,

Àsàláámù àléékúmù. Ṣé ara rẹ le? Ṣé o ń jẹun lásìkò ní Táńkẹ̀ tí o kó lọ? Èmi wà láàyè, àlùhámúdùlíláì. Ara mi yá, ojú ló ń tì mí. Mi ò pè ọ́ lórí fóònù nítorí bí mo bá gbọ́ ohùn rẹ, irọ́ ni n ó tún pa. Ìwé mẹ́fà tí mo kà tó fún èyí.

Kọ́ọ̀pù aláwọ̀ búlúù yẹn ló lé ọ kúrò nílé. Mo ní kó má baà sọnù ni mo ṣe so òwú mọ́ etí rẹ̀. Irọ́ ni. Nítorí àwọn ajá tí o ń tọ́jú nílé ìwòsàn ẹranko ni mo ṣe ya kọ́ọ̀pù àti àwo rẹ sọ́tọ̀. Bí o bá ti jáde, màá fọ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀meje, bí ẹni pé ajá ló lá wọn. Ọjọ́ tí o bá mi lẹ́nu rẹ̀, ńṣe lo di ẹrù rẹ. Bí wọ́n bá sì bi mí lọ́jà pé irú dókítà wo ni ọ́, mo máa ń ní dókítà àyà ni. Mi ò sọ àyà ta ni.

O mọ Bàbá Sàlíhù lórúkọ, àgbẹ̀ Òkè-Òyí tó ń kó àgbàdo wá fún mi. Ajá rẹ̀, Tanímọ̀la, tó ń ṣọ́ aká, ṣàdédé ń mí hẹlẹhẹlẹ. Omi funfun bíi wàrà ló kún àyà rẹ̀. Bí wọ́n bá fà á tán nílé ìwòsàn ẹranko, á tún kún. Bàbá ní kí n wá bá òun ná owó iṣẹ́ abẹ. Mo ní, “Bàbá, ẹ ra ọmọ ajá mìíràn. Owó ọkọ̀ yín nìkan á rà á.” Ó ní, “Bilkisu, lọ́jọ́ tí aká mi ń jó, ta ló jí mi? Ṣé owó ọkọ̀ ni?” Mo tẹ̀ lé e, mo ń gbàdúrà pé kó má jẹ́ ìwọ ló wà lẹ́nu iṣẹ́.

Wọ́n jẹ́ ká dúró lẹ́yìn gíláàsì pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Mo rò pé ẹ ó la àyà ajá náà gbàgà bí alápatà. Ihò kéékèèké ni mo rí, tí ẹ ti kámẹ́rà bọ̀, inú rẹ̀ sì hàn nínú tẹlifíṣàn. Gbogbo rẹ̀ kàn pupa lójú mi. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní iṣan tín-ín-rín kan tó ń gbé ọ̀rá oúnjẹ lọ sínú ẹ̀jẹ̀ ló ń jò, ojú lásán ò lè rí i, ìdí nìyẹn tí ẹ fi gún ajá náà lábẹ́rẹ́ aró tó ń tàn bí wọ́n bá yí iná padà. O ní, “Ẹ yí iná padà.” Safiyyah, ibi gbogbo ṣókùnkùn, ìlà kan ṣoṣo sì tàn, ó tutù yọ̀yọ̀ bí èéhù àgbàdo lẹ́yìn òjò. Mo gbọ́ ohùn rẹ: “Bísímílàhí.” O fi irin kékeré di iṣan náà pa. Èmi ni mo kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ yẹn, nídìí àwo oúnjẹ.

O jáde, o kúnlẹ̀ kí Bàbá, o wá kọjú sí mi. Ẹnu rẹ ti ń là láti pè mí ní Ìyá. Mo yára ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà.” O wò mí. O ní, “Ẹ ṣé, mà.” Mà! Ọmọ tí mo pọ̀n.

Àyà Tanímọ̀la ò kún mọ́. Lọ́jọ́ ọjà, Bàbá já iṣu ńláńlá sí iwájú ṣọ́ọ̀bù mi. “Bilkisu, ìwọ lo mọ gbogbo Ìlọrin. Bá mi wá ìyá dókítà yẹn, kó o kó o fún un. Kí Ọlọ́hun jẹ́ kó jèrè ọmọ.” Mo ní àmín. Èmi tí ọjà kì í kú sí lọ́wọ́, mi ò lè tà á, mi ò lè jẹ ẹ́.

Lánàá mo lọ sí Òkè-Òyí, mo sọ gbogbo rẹ̀, títí kan kọ́ọ̀pù. Mo rò pé Bàbá á fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Àwo tí ajá bá lá ni wọ́n ní ká fọ̀. Ta ló ní kó o máa fọ ọmọ rẹ?” Ó dìde, ó lọ fún ajá rẹ̀ lómi. Ilẹ̀ ò lanu kí n wọlé.

Láàárọ̀ yìí, Lami tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kángun sí tèmi ní, “Dókítà àyà wa ńkọ́?” Mo ní, “Àyà ajá ni o.” Ó ní, “Àsìtáfúrúláì!” Mo ní kó lọ fọ etí rẹ̀ lẹ́ẹ̀meje.

Mo ti tú òwú kọ́ọ̀pù náà. Òun ni mo fi ń mumi. Iṣu ṣì wà nílẹ̀. Mi ò ní fọ̀bẹ kàn án títí o fi máa wá, nítorí ìyá dókítà ni wọ́n kó o fún, ìwọ nìkan ló sì lè sọ bóyá èmi ni.

Kí Ọlọ́hun má jẹ́ kí ọwọ́ rẹ gbọ̀n lẹ́nu iṣẹ́. Kí ibi tó ṣókùnkùn mọ́lẹ̀ fún ọ. Kó o bí ọmọ tí o ò ní sẹ́.

Èmi ni ìyá rẹ, bí o bá gbà,
Bilkisu.

Mo fẹ́ẹ̀ gbàgbé: Tanímọ̀la lá mi lọ́wọ́ bí mo ṣe ń kúrò lọ́dọ̀ Bàbá. Mo fọ ọwọ́ náà, mi ò ní purọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n mo kọ́kọ́ jẹ́ kó lá a tán.