Omi Ẹsẹ̀ Ìyàwó

Ilé Bàbá Abraham,
Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì, Ẹ̀gbẹ́dá,
Èkó.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹsàn-án, 1992.

Ọmọ́wùnmí, ọ̀rẹ́ àtàtà,

Má bínú sí ìwé mi tó rí wúruwùru bí ibi tí adìyẹ ti wa ilẹ̀. O kúkú mọ̀ pé pírámárì fáìfù ni mo dé, ọ̀rọ̀ kì í yá lọ́wọ́ mi. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Màmá rẹ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Àwọn àbúrò ńkọ́? Ara èmi le, ọkọ mi náà ń tọ́jú mi.

Mo ti ń lọ kíláàsì àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́sàn-án Sátidé. Àǹtí Abigail, tíṣà wa, ń ka ìwé ìtàn òyìnbó kan fún wa, wọ́n á sì tún un sọ ní Yorùbá. Ìtàn àwọn ará Gíríìkì ayé àtijọ́ ni, ṣùgbọ́n obìnrin òde òní ló tún un kọ, ó wá fi í sẹ́nu ọmọbìnrin tí wọ́n pa nínú ìtàn náà gan-an. Ọba kan fẹ́ lọ sógun, afẹ́fẹ́ kò fẹ́, ọkọ̀ ojú omi wọn kò lè lọ. Wọ́n ní àfi kó fi ọmọ rẹ̀ bọ òrìṣà. Ló bá ránṣẹ́ sí ọmọ pé kó máa bọ̀, òun ti rí ọkọ fún un. Ọmọ múra bí ìyàwó, ó ń rẹ́rìn-ín bọ̀.

Hàbíbátù tó jókòó tì mí ní, "Kí wọ́n fi àjẹ̀ wà á jàre! Àbí ọmọ ni wọ́n fi ń tukọ̀?" Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tán nígbà tí Àǹtí dé ibi tí àwọn obìnrin ààfin ti ń fọ ẹsẹ̀ ọmọ náà létí òkun. Gbogbo wọn ló mọ̀. Ọmọ ń bi wọ́n pé, "Ọkọ mi dà?" Wọ́n dorí kodò, wọ́n ń bu omi. Ibẹ̀ gan-an ni Àǹtí ní kí n dìde sọ fún kíláàsì ní Sátidé tó ń bọ̀.

Láti ìgbà náà ni ọmọ yẹn ti ń bá mi gbélé. Bí mo bá ń fọ ìrẹsì, mo máa ń gbúròó ẹsẹ̀ tútù lẹ́yìn mi. Bí mo bá bojú wẹ̀yìn, ilẹ̀ gbẹ.

Wùnmí, ìyá ọkọ mi ló ní kí n kọ̀wé sí ọ. Wọ́n ní kí n sọ pé mo ti bá ọ rí ibi tí o ó ti kọ́ṣẹ́ télọ̀, kí o máa bọ̀. Irọ́ ni. Bàbá Abraham, onílé wa tí ìyàwó wọn kú, ló rí ọ lọ́jọ́ tí ẹ sìn mí wá síbí. Bí wọ́n bá rí ọ fẹ́, wọn ó fún ọkọ mi ní ilẹ̀ ní Ìgàndó. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni bàbá náà ṣá, ṣùgbọ́n wọ́n dàgbà ju bàbá rẹ lọ. Màmá ọkọ mi ní, "Tó bá ti dé, ó dé náà nìyẹn. Ìwọ ìyàwó ilé ni o ó bu omi sí i lẹ́sẹ̀."

Èmi! Ìwọ tí o gbé àpótí mi dání lọ́jọ́ tí wọ́n fọ ẹsẹ̀ tèmi lẹ́nu ọ̀nà yìí kan náà.

Wọ́n ní ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Tèmi yìí, tìrẹ ni ì bá bá mi dákẹ́. N ó bá ọkọ mi sọ ọ́. Ojú ń tì mí, ṣùgbọ́n ó máa ń gbọ́ mi, mo nírètí.

Bá mi kí gbogbo ilé. Jẹ́ kí n tètè fọwọ́ sí i.

Èmi ni tìrẹ, tọkàntọkàn,
Tinúọlá.

Mo tún rántí. Màmá kò mọ̀wé kà, wọn ò ní mọ ohun tí mo kọ, ṣùgbọ́n wọ́n lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu rán ẹlòmíràn sí ọ. Wọ́n ti ń pè mí báyìí, wọ́n ní kí n bu omi wá sẹ́nu ọ̀nà. Wùnmí, bí ẹnikẹ́ni bá ní èmi ni mo ní kí o wá, má…