Fáìlì Ẹ̀yìnkùlé Tí Mo Pa Rẹ́

Okun o, Bàbá mi,

Ẹ mọ̀ pé n kì í fọ̀rọ̀ falẹ̀. Mo ti pa fáìlì yẹn rẹ́. Èyí tí ẹ ní kí Ìyá má rí láéláé, tí ẹ kọ ibi tí wọ́n sin ẹ̀gbọ́n mi Dúpẹ́ sí ní ẹ̀yìnkùlé sínú rẹ̀.

Ẹ̀rù ń bà mí.

Dísíìkì méjì ló wà nínú kọ̀ǹpútà yín. Ìkíní ni ẹ̀rọ náà fi ń ṣiṣẹ́, ìkejì ni ẹ ń kó ìwé yín sí. Mo fẹ́ fi ìkejì kó iṣẹ́ tèmi. Mo rí àwọn lẹ́tà yín sí ìjọ àti ìwé ìfẹ̀yìntì yín níbẹ̀, mo kó wọn sórí ìkíní, mo ní ó tó, mo bá fọ́ọ̀mátì ìkejì, mo nu gbogbo ohun tó kù lórí rẹ̀ dànù. Mo rò pé ìwé ẹ̀yìnkùlé ti wà lórí ìkíní. N kò wò ó. Kọ̀ǹpútà bi mí bóyá ó dá mi lójú, mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni kí n tó kà á tán. Ẹ̀yin a máa ka irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tí ìka yín á máa tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ lójú kọ̀ǹpútà, tí èmi á máa pòṣé lẹ́yìn yín.

Ọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nígboro Kábà fi odidi ọ̀sán wá a. Orúkọ fáìlì náà jáde, Bàbá. Inú rẹ̀ kún fún àpótí kéékèèké àti àmì tí kò ṣeé kà.

Ta ni kí n bi? Ẹ̀gbọ́n yín tó gbẹ́ ilẹ̀ náà ti kú, ẹ̀yin náà sì ti tẹ̀ lé e. Ìyá kò mọ ibẹ̀, wọn kì í sì í fi oórì ọmọ han ìyá tó bí i. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo ka fáìlì náà. Ṣé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná lẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣísẹ̀ dé oórì náà ni, àbí ìdí igi ọsàn?

Èmi náà ni mo dá ọjọ́ fún bíríkìlà pé kó gbẹ́ ìpìlẹ̀ yàrá tuntun fún Ìyá sí ẹ̀yìnkùlé náà, nítorí orúnkún wọn kò gba àtẹ̀gùn mọ́. Ọkùnrin náà gbé dígà sókè láàárọ̀ àná, mo pariwo, mo ní kó máa lọ sílé. Ìyá jáde wá, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ṣé èmi tí mo máa ń palẹ̀ àwo mọ́ níwájú àlejò tí kò tíì jẹun tán ni mo wá ń dá iṣẹ́ dúró. Wọ́n ń rìn káàkiri ibẹ̀, wọ́n ń fi ọ̀pá júwe ibi tí fèrèsé máa kọjú sí. N kò mọ̀ bóyá orí ọmọ wọn ni wọ́n dúró lé.

Mo purọ́ pé omi wà nínú ilẹ̀ náà, pé iwájú ilé la ó kọ́ ọ sí, bí eruku ọ̀kadà bá tiẹ̀ ń wọlé. Wọ́n ní ilẹ̀ yẹn gbẹ láti ọjọ́ tí ẹ ti gbé àwọn níyàwó. Wọ́n wá wò mí títí. Ẹ̀rín kúrò lójú wọn. Wọ́n fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ tẹ nǹkan mọ́lẹ̀, wọ́n gbé àga wọn, wọ́n wọlé.

Bàbá, kí ni mo ti jẹ́ kí wọ́n mọ̀?

Èmi ọmọ yín tí kò mọ sùúrù, tó fẹ́ràn yín síbẹ̀.