Ọ̀nà Ń Gùn Lábẹ́ Ẹsẹ̀ Ìmọ́lẹ̀

Ẹ kú ilé o, Baba mi. Ẹ kú ìdúró, ẹ kú ìfojúsọ́nà, ẹ kú ìfaradà ojú tó ń ṣe bàìbàì. Èmi Àjàní, àkọ́bí yín, dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ títutù ìlú òyìnbó níbí, mo ní kí n kí yín. Ìyá mi, ẹni tí dòdò rẹ̀ kì í pẹ́ kó tó tán lọ́jà Ìkirè, abiyamọ tí kò jẹ́ kí ebi pa ọmọ ẹlòmíràn níṣojú rẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ fún yín. Àbẹ̀kẹ́, àbúrò mi, ìwọ tí o di ojú fún Baba, tí o sì di ọwọ́ ìkọ̀wé fún gbogbo ilé, mo kí ọ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ìwọ ni yóò ka ìwé yìí sókè. Jọ̀wọ́, rọra kà á, má sì fo ibi tó bá dùn ọ́.

Ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn ni ẹ ti ń gbọ́ ohùn mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti kọ lẹ́tà sílé láti ìgbà tí lẹ́tà Àbẹ̀kẹ́ ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì náà ni ó padà wá bá mi, tí wọ́n kọ ọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀ pé àwọn kò rí ẹni tí yóò gbà á. Mo rò pé tíṣà tó ń bá wa gba lẹ́tà ni wọ́n ti gbé lọ sí ìlú mìíràn. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ìwé ìròyìn yìí ń dé Ìkirè, àti pé wọn a máa kà á fún àwọn àgbà lábẹ́ igi lẹ́yìn ìsìn. Ohun tí mo ní láti sọ kò lè dúró de tíṣà tuntun. Ẹ̀yin ará Ìkirè àti Àpòmù, ẹ̀yin ọlọ́lá tí ẹ bá jókòó gbọ́, mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ yín. Ọ̀rọ̀ ilé kan ni, ẹ bá wa fi etí yín gbé e.

Ẹ ó fẹ́ mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Àpò kòkó ni mò ń gbé. Ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ṣokoléètì ló gbà mí lẹ́yìn tí mo fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì nínú ìdánwò tí mo tìtorí rẹ̀ wá. Ẹ ò rí i bí? Ọmọ àgbẹ̀ kòkó gba ilé ìwé sá kúrò ní oko kòkó, ó la òkun kọjá, ó sì tún bá àpò kòkó níwájú. Nígbà tí mo bá tú ẹnu àpò kan, òórùn ilé wa a yọ sí mi: òórùn ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí Ìyá mi fi ń bo kòkó tútù, òórùn ẹní tí a ń sá a lé, àti èéfín iná tí a fi ń yá a bí òjò òjijì bá dé. Mo máa ń dúró síbẹ̀ títí ọ̀gá yóò fi pè mí. Mo ń rò ó pé ọwọ́ tó já èso yìí ti já òmíràn, ó ti ta á, ó ti gbàgbé. Èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kí i káàbọ̀ ni.

Òtútù ibí kò ṣeé ròyìn fún ẹni tí kò bá wọ inú rẹ̀. Oòrùn a yọ, kò ní mú. Yóò kàn wo ènìyàn bí àna tí inú rẹ̀ kò dùn sí i, yóò sì lọ. Àwọn ará ìlú kò burú. Ìyá arúgbó tó ni ilé tí mò ń gbé a máa gbé tíì gbígbóná wá fún mi nígbà tí ikọ́ bá mú mi, Ọlọ́run yóò bù kún un. Ṣùgbọ́n ó lè tó oṣù kan kí ẹnikẹ́ni tó pe orúkọ mi bí ó ti yẹ kí a pè é.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé mi dé ibi ọ̀rọ̀ yìí. Ní ilé ìkàwé ìlú, olùkọ́ àgbà kan a máa wá ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ láti sọ̀rọ̀ nípa ìràwọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́. Mo gbọ́dọ̀ yin ọkùnrin náà: ó ní sùúrù ẹni tí ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọdé, kò sì fi ìbéèrè mi ṣẹ̀sín rí. Jòsáyà, ọmọ Jàmáíkà tí a jọ ń gbé àpò, ló mú mi lọ. Ó ní ibẹ̀ móoru ju yàrá wa lọ, pé kí a fi ẹ̀kọ́ bojú, kí a lọ yáná.

Olùkọ́ náà ní àwọn agbo ìràwọ̀ tó jìnnà tún ń jìnnà sí i lójoojúmọ́. Mo ṣebí ó ní wọ́n ń sáré ni. Ó ní rárá o, kì í ṣe pé wọ́n ń sáré lọ síbì kan. Àlàfo òfurufú tó wà láàárín wa ló ń fẹ̀. Mo bi í pé báwo ni ohun méjì yóò ṣe dúró sójú kan, tí ọ̀nà àárín wọn yóò sì máa gùn. Baba, ẹ̀yin ni ẹ kọ́ mi pé ẹni tó dúró kò rìn. Ó ní òun mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí ìṣirò, ṣùgbọ́n òun náà ń wá ọ̀rọ̀ tí òun yóò fi sọ ọ́ yé ènìyàn.

Ìgbà náà ni mo rántí igi ìrẹ́ tó wà lẹ́bàá odò oko wa. Àbẹ̀kẹ́, ṣé o rántí? A máa ń ṣá a, a ó gba oje rẹ̀, a ó jẹ́ kó dì di rọ́bà, a ó sì nà án láàárín ọwọ́ mi àti ọwọ́ rẹ. Ìwọ lo kọ́kọ́ gbé èèrà lé e lórí. Èèrà náà ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ mi sí ọ̀dọ̀ rẹ, èmi sì ń fa rọ́bà sẹ́yìn. O ń pariwo pé ojóóró ni mò ń ṣe, pé èèrà rẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé kí n tó bẹ̀rẹ̀ ìwà ìkà mi. Èèrà kò dúró, kò sì dín ìgbésẹ̀ rẹ̀ kù. Ọ̀nà ló ń gùn lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo ro èyí fún olùkọ́ náà. Ó dìde lórí àga, ó ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ ṣe ń rìn bọ̀ wá bá wa. Ó ní kò sí ohun tó yára tó o, kì í sì í rẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n bí àlàfo ti ń nà ni òun náà ń nà, títí èyí tó funfun nígbà tó gbéra yóò fi pọ́n, tí yóò sì rọ, kó tó kàn wá lójú.

Mo wá bi í bóyá èèrà náà á dé. Ó ní bí ọwọ́ tó ń fa rọ́bà bá ń fà á ní ìwọ̀n kan náà, èèrà á dé níkẹyìn, bó ti wù kó pẹ́ tó. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ bá ń yára sí i bó ṣe ń fà á, ìmọ́lẹ̀ kan wà tí yóò máa rìn títí láé tí kì yóò dé. Mo bi í pé èwo ni tiwa. Ó ní kò sẹ́ni tó tí ì mọ̀. Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń sọ pé òjò lè rọ̀ lọ́la. Mo dìde láti máa lọ.

Kí n tó dé ẹnu ọ̀nà, Jòsáyà nawọ́ sókè. Ó ní bí gbogbo àlàfo bá ń fẹ̀, kí ló ṣe yàrá òun tí kò fi fẹ̀, tí òun fi ń ká eékún mọ́ àyà sùn láti ọjọ́ tí òun ti dé ìlú yìí? Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ó sì dá a lóhùn. Ó ní ohun tó bá di ara rẹ̀ mú kì í fẹ̀: ògiri di ògiri mú, ayé di òṣùpá mú, àwọn ìràwọ̀ inú agbo kan náà di ara wọn mú. Àárín àwọn tó jìnnà tí kò lágbára láti fa ara wọn mọ́ra mọ́ ni àlàfo ti ń rí àyè ṣe tirẹ̀. Àwọn yòókù ti bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Èmi dúró sí ẹnu ọ̀nà, mo ń bi ara mi pé láàárín èmi àti ilé, ta ló kọ́kọ́ jùwọ́ sílẹ̀.

Baba, èmi ni. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ rẹ̀ níṣojú èrò, nítorí níṣojú èrò ni mo ti ṣe é.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́, ẹ mọ̀ pé inú oko kòkó tó bá ti gbó a máa ṣókùnkùn lọ́sàn-án gangan. Ohùn ni a fi ń mọ ibi tí ọmọnìkejì ẹni wà. Baba mi a máa pe wá lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n ní ìpè kìíní, kí a dákẹ́, ó lè jẹ́ pé ará igbó ló ń pe ni. Ìkejì, kí a dákẹ́. Ẹ̀kẹta ni kí a dáhùn, nítorí ènìyàn nìkan ló ní sùúrù dé ẹ̀ẹ̀kẹta. Bí a kò bá sì dáhùn ẹ̀kẹta, Baba yóò sọ àdá sílẹ̀, yóò wá wa kiri títí yóò fi rí wa. Kò sí iṣẹ́ tí wọn kì í fi sílẹ̀ nítorí rẹ̀.

Ní ọjọ́ tí mò ń lọ, ẹ sìn mí dé Àpòmù, níbi tí lọ́rì ti ń gbéra. Mo wọ kóòtù, mo de táì, mo jókòó láàárín àwọn akọ̀wé. Lọ́rì bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ẹ pè mí lẹ́ẹ̀kan: Àjàní o! Mo dákẹ́, bí ẹ ti kọ́ mi. Ẹ pè mí lẹ́ẹ̀kejì, mo dákẹ́. Akọ̀wé tó jókòó tì mí rẹ́rìn-ín, ó ní ará oko wo nìyí tó ń ké bí ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ já okùn. Ẹ pè mí lẹ́ẹ̀kẹta. Ọkọ̀ ń pariwo, ṣùgbọ́n mo gbọ́ yín, Baba, mo gbọ́ yín ketekete. Mo wo bàtà mi. Mo bá akọ̀wé náà rẹ́rìn-ín. N kò dáhùn.

Ọdún kẹfà rèé. Nínú lẹ́tà Àbẹ̀kẹ́, ó ní ojú yín kò dá èso kòkó tó pọ́n mọ̀ mọ́. Ó ní síbẹ̀, ní ìrọ̀lẹ́-ìrọ̀lẹ́, ẹ ó fi ọ̀pá tọ ọ̀nà lọ sí ìdí pèrègún ààlà oko, ẹ ó kọjú sí ìhà Àpòmù, ẹ ó pè mí lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ ó tẹ́tí, ẹ ó sì padà sílé. Ó ní àwọn aládùúgbò ń sọ pé arúgbó ti ń ṣarán, Ìyá mi sì fún wọn lésì pé ẹni tó ń pe ọmọ rẹ̀ kò ya wèrè tó ẹni tó ń pe ajá. Ó ní ikọ́ ti gba ohùn yín, pé ìpè kẹta kò fi bẹ́ẹ̀ jáde mọ́. Ó bẹ̀ mí kí n dá Baba lóhùn kó tó pẹ́ jù.

Lẹ́tà náà lo oṣù mẹ́rin lójú ọ̀nà, nítorí ó ń tẹ̀ lé mi láti yàrá kan dé òmíràn. Baba tí mo kà nípa rẹ̀ lọ́jọ́ náà, Baba oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ni. Olùkọ́ náà sọ pé òmíràn nínú ìràwọ̀ wọ̀nyí lè ti kú, kó jẹ́ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ nìkan ló ṣì ń bọ̀ lọ́nà. Mo fẹ́ béèrè bí a ṣe ń mọ èyí tó ti kú. N kò béèrè. Ẹ̀rù bà mí pé ó lè ní èsì.

N kò lè wá, Baba. Agbára mi kò ká owó ọkọ̀ ojú omi, ojú sì ń tì mí láti wá lọ́wọ́ òfo. Ìgbàkígbà tí mo bá ní mo ti sún mọ́ ilé, ọ̀nà a tún gùn sí i.

Àbẹ̀kẹ́, tí o bá ti ka ìwé yìí tán, fún ẹlòmíràn mú. Fa Baba lọ́wọ́ lọ sí ìdí pèrègún. Jẹ́ kí wọ́n pè. Ìpè kìíní, dákẹ́. Ìkejì, dákẹ́. Ní ẹ̀kẹta, bá mi dáhùn sókè, kí gbogbo ẹ̀gbẹ́ oko gbọ́: Hòóò! Baba, ibí ni mo wà! Bí ó bá sì jẹ́ pé Baba kò sí mọ́ láti pè, lọ síbẹ̀ náà. Dúró níwọ̀n ìgbà ìpè mẹ́ta, kí o sì dáhùn.

Ọlọ́run yóò da yín sí, Ìyá mi. Àbẹ̀kẹ́, ọmọ tìrẹ yóò dá ọ lóhùn ní ìpè àkọ́kọ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, ará oko, àti ẹnikẹ́ni tó bá ṣì rántí mi.

Èmi tí mo gbọ́ yín ní Àpòmù,
Àjàní,
ọmọ yín.