Odò Tó Ń Ṣàn Lọ sí Àríwá

Ọjọ́rú, Thamesmead

Inú ń bí mi débi pé oúnjẹ ò lọ.

Níwájú gbogbo kíláàsì lónìí, mo nawọ́ sí máàpù àtijọ́ odò kan ní àríwá jíjìn, níbi tí yìnyín pọ̀ sí, mo ní apá gúúsù ni omi rẹ̀ ń ṣàn lọ. Òkè Ọya la máa ń pe àríwá nílé, bẹ́ẹ̀ omi kì í gun òkè. Mi ò tilẹ̀ wo àwọn ìlà tó ń fi gíga ilẹ̀ hàn. Nọ́ńbà ara wọn ń dínkù lọ sí àríwá, ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti rẹlẹ̀.

Tóbi, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Woolwich, tí wọ́n ní ká jọ ṣe iṣẹ́ lórí odò yìí, bú sẹ́rìn-ín. “Bro, omi ẹ ń gun òkè! Ṣé lift ló wọ̀ ni?” Ó tún túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn tó kù kí wọ́n lè bá a rẹ́rìn-ín. Òṣì!

Nígbà tí a jáde, ó ní, “On Friday, tí a bá ń gbé iṣẹ́ wa kalẹ̀, má sọ̀rọ̀ o. Màá bá ẹ sọ tìẹ.”

Mo ní kò burú. Kí ló ṣe mí tí mo fi ní kò burú?

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí i lórí fóònù: “Èmi fúnra mi ni màá sọ tèmi. Tó bá dùn ẹ́, lọ bá lecturer.”

Ó ti kà á. Mi ò ní pa á rẹ́.