Pábò Ni Wọ́n Ń Pe Tòlótòló

Bàbá mi tí mo fẹ́ràn jù,

Ìgbà mẹ́ta ni mo ti dìde kí n tó kọ ìlà yìí. Mo gbálẹ̀ tán, mo tún un gbá. Ara mi ò balẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kí ẹ ti gbọ́ kí ẹ tó lọ, mi ò sì mọ ọ̀nà tí mo lè gbé e gbà dé ọ̀dọ̀ yín.

Ṣé ẹ rántí àwọn ọjọ́ Ìsinmi tí ìyàwó Ẹ̀gbọ́n mi máa ń pè wá láti Sípéènì, nígbà tí Ẹ̀gbọ́n bá wà níbi iṣẹ́? Ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìlárò níbí lẹ máa ń jókòó sí, torí ibẹ̀ ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dáa, tòlótòló yín á sì dúró sẹ́yìn yín bí ọlọ́pàá. Àjọkẹ́, ọmọ ọmọ yín, á yọjú nínú fóònù. Ẹ ó fi Faransé tí ẹ kó bọ̀ nígbà tí ẹ ń wa lọ́rì gba Ìdí-Ìrókò lọ sí Kútọnu kí i: "Bọ́ńsúù, màdáàmù!" Ọmọ á rẹ́rìn-ín. Tòlótòló á fẹ ìyẹ́, á máa ké. Nígbà náà ni Àjọkẹ́ á nàka, á máa pariwo: "Pábò! Pábò!"

Létí tiwa, pàbó ló ń wí.

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ fi ṣe ẹ̀rín. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ojú yín yí padà. Ẹ pè mí.

"Ọmọ tí ò gbọ́ Yorùbá, ta ló kọ́ ọ ní pàbó? Kí ló rí tó fi ń nàka sí mi? Àbí gbogbo làálàá mi ló máa já sí pàbó ni?"

Mo ní ọmọdé ló ń ṣeré, pé màá bi Ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní, "Má bi í. Má da ọkàn ọmọ mi rú nílẹ̀ onílẹ̀."

Mo gbà. Ká sòótọ́, ó rọ̀ mí lọ́rùn láti gbà. Ìwé àwọn ọmọ kíláàsì mi wà nílẹ̀ tí mò ń máàkì. Láti ìgbà náà, bí fóònù bá ti dún, ẹ ó gbé àdá, ẹ ó ní oko yá. Ẹ̀yin tí ẹ kì í lọ sóko lọ́jọ́ Ìsinmi!

Nígbà tí ẹ kú, Ẹ̀gbọ́n nìkan ló wá sin yín. Èmi ni mo ní kí wọ́n pa tòlótòló náà fún àwọn àlejò.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ẹ̀gbọ́n mú Àjọkẹ́ wá sílé. Ọmọ náà ò tíì kí ẹnikẹ́ni tó fi sáré gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ sẹ́yìnkùlé. Ohun tí mo gbọ́ ni "Pábò! Pábò!" Mo yíjú sí Ẹ̀gbọ́n.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ọmọ yìí ń wí?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Tòlótòló Bàbá ló ń wá. Bí wọ́n ṣe ń pè é lédè Sípéènì nìyẹn. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé báyìí, ìròyìn rẹ̀ ló máa ń sọ fún mi."

Mo jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, mo ro gbogbo rẹ̀ fún wọn. Ẹ̀gbọ́n mi, géńdé ọkùnrin, bú sẹ́kún. Ọmọ ń wò wá. Mo ní kí wọ́n má purọ́ fún un, kí wọ́n sọ ibi tí tòlótòló náà lọ, àti ẹni tó ní kí wọ́n pa á. Ọjọ́ méjì gbáko ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀.

Láàárín ọjọ́ méjì náà, mò ń lọ, mò ń bọ̀ nínú ọgbà, mò ń kọ́ ẹnu mi ní ọ̀rọ̀ yẹn. Bí mo bá ti ń pè é ni Ẹ̀gbọ́n ń mi orí: "Má pa ètè dé tán. Jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gba àárín rẹ̀ kọjá." Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, mo lọ kúnlẹ̀ níwájú Àjọkẹ́, mo pe pábò. Ó wò mí títí. Ó na ọwọ́ kékeré, ó fi ìka tún ètè mi ṣe, ó ní kí n tún un pè. Èmi náà kọ́ ọ ní tòlótòló. Ahọ́n rẹ̀ há síbi kan, ló bá bú sẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn ìyẹn ló bi mí ní ìbéèrè kan. Ẹ̀gbọ́n ò fẹ́ túmọ̀ rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n túmọ̀ rẹ̀. Ó ní kí ló dé tí Bàbá àgbà fi dẹ́kun à ń yọjú sí òun. Ṣé òun ṣẹ̀ wọ́n ni?

Mo ní, "Rárá o. O ò ṣẹ̀ wọ́n rárá. Lọ́jọ́ Ìsinmi tí a gbé wọn lọ sílé ìwòsàn, wọ́n bi mí bóyá o ti pè."

Ó ní kí ni mo dá yín lóhùn.

Mi ò lè sọ fún ọmọ, Bàbá, àmọ́ màá sọ fún ẹ̀yin. Mo ní kò tíì pè. Ó ti pè. Fóònù dún láàárọ̀ ọjọ́ náà nígbà tí ẹ ń tòògbé, èmi ni mo pa ìró rẹ̀, torí mo rò pé ẹ ò fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀.

Èmi ọmọ yín obìnrin, tó fẹ́ yín ju bó ṣe mọ̀ ọ́n sọ lọ.