Gílóòbù Tẹ́ Ẹ Fi Ránṣẹ́

Ọkọ mi kékeré, ẹ kú àjò. Mo kí ìyàwó wa àtàwọn ọmọ. Ẹsẹ̀ Màmá ti ń san.

Awakọ̀ kan fi sípánà fọ́ ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀gbọ́n yín ní ṣọ́ọ̀bù rewáyà wa, níbi tó ti ń tún iná mọ́tò ṣe. Gílóòbù iwájú mọ́tò tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, tí ẹ̀gbọ́n yín fi sí mọ́tò awakọ̀ náà, ló kú lójú títì lóru, ni mọ́tò bá forí sọ ògiri. Ẹ̀gbọ́n yín ń pọ́n àdá báyìí: òun á ṣá awakọ̀, òun á sì fọ́ ẹnu yín, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ra gbàrọ́gùdù.

Irọ́ ni! Àkísà ọlọ́ìlì ló fi ń nu gíláàsì gílóòbù kó lè dán. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, rewáyà bíi tiẹ̀, ló ṣàlàyé fún mi: ibi tí ọ́ìlì bá ti kàn án á gbóná ju ibòmíì lọ, á sì bẹ́. Mo ju àdá sí kànga, ó ti ra òmíràn. Ẹ pè é kí ọwọ́ rẹ̀ tó jinná, ọ̀rọ̀ ẹnu yín nìkan ló máa ń gbọ́.

Ọlọ́run á ṣọ́ yín. Ẹ fi ìbọ̀wọ́ ránṣẹ́ sí i, kí ọ́ìlì má bàa kan gílóòbù mọ́. Ti ọwọ́ òsì nìkan ti tó.